Pálọ̀ Ilé Rẹ́ǹtì Kì í Ṣe Ibùdókọ̀

Bí a ṣe fi owó táṣẹ́rẹ́ tún tiwa ṣe ní Sùúrùlérè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ pálọ̀ ni. Ẹni tó bá ní ilé tirẹ̀ lè rò pé kò kan òun. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń san rẹ́ǹtì ní Muṣin, ní Yaba àti ní Sùúrùlérè, a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Bí àlejò bá dé, pálọ̀ ni yóò jókòó sí. Bí ọmọ bá fẹ́ kàwé, ibẹ̀ ni. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá ti ìlú dé lálẹ́, ibẹ̀ náà ni a ó tẹ́ ẹní fún un sí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé inú pálọ̀ bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní Ojúẹlẹ́gba: ẹrù kò tú, ọkàn kò balẹ̀, a ó ní, "Ilé onílé ni, kí ni mo fẹ́ tún ṣe sí i?"

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo sì ti ṣe òdìkejì rẹ̀ rí, mo fi àṣejù ra ohun tí apá mi kò ká. Nínú ọ̀nà méjèèjì, kò sí èyí tó sàn. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, àti iye tí ó ná wa nígbà tí a wá gba ọ̀nà kẹta.

ÀGA TÓ KÓ WA SÍ ÌYỌNU

Lọ́dún 2010, Muṣin ni a ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀, nínú irú ilé tí àwọn èèyàn ń pè ní fésì-mi-n-fésì-ẹ, tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Aládùúgbò wa kan ra àga aláwọ tuntun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àga náà wọlé ni àga onígi tiwa ti di ìtìjú lójú mi. Mo lọ bá oníṣòwò kan, mo gba odindi sẹ́ẹ̀tì ní àwìn, a ó máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún kan. Baba àwọn ọmọ kọ́kọ́ kọ̀, mo rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà.

A kò tí ì san ìdajì gbèsè náà tí baba onílé fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé. Ẹni tó rà á fún gbogbo wa ní nótíìsì oṣù mẹ́fà. Nígbà tí a rí ibòmíràn, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kò gba àga ńlá yẹn. A yí i sọ́tùn-ún, a yí i sósì, káfíńtà ní àfi kí òun gé apá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àga náà fi wà lóde lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí òjò ń fẹ́ sí i. Nígbà tí a tà á, owó tí a rí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí a rà á, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa.

Èyí nìkan kọ́ ló dùn mí. Owó ìdánwò àṣejáde àkọ́bí wa obìnrin ló bọ́ sínú gbèsè àga. Ọdún kan gbáko ni ọmọ náà fi jókòó sílé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ síwájú. Kò bú mi, kò sì bínú sí mi lójú. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí. Ní àràárọ̀ ni mò ń jáde lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí ọmọ tèmi ń ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọmọ yìí náà ni ọ̀rọ̀ tún kàn.

"Ẹ MÁ TORÍ MI RA ÀGA MỌ́"

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, a ti wà ní Sùúrùlérè, lápá Lawanson, nínú yàrá kan àti pálọ̀ tó ní ilé ìdáná tirẹ̀. Ọmọbìnrin wa yìí, tó ti ń ṣiṣẹ́, mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wálé. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé àwọn ẹbí ọkọ ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní oṣù Kẹrin. Inú mi dùn. Bí mo ti yíjú wo pálọ̀ wa báyìí, inú mi tún bàjẹ́. Ògiri ti dúdú níbi tí orí àwọn ọmọ ń kàn. Tìmùtìmù àga ti rì bí àkàrà tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kàlẹ́ńdà òkú, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kún ara ògiri, méje ni mo kà, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọdún 2013.

Baálé mi rí ojú mi, ó mọ ibi tí ọkàn mi ń lọ.

"Ìyá àwọn ọmọ, má tún sọ fún mi pé a ó ra àga."

"Bàbá wa, ẹ wo ògiri yìí. Ẹ wo ibi tí ẹ jókòó sí. Ṣé ibí ni àwọn àna wa yóò wá bá wa?"

"Mo rí i. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò yá wa ní ₦180,000 bí a bá bèèrè. A ó ra àga. Rẹ́ǹtì oṣù Kẹsàn-án ńkọ́?"

N kò tí ì dáhùn tí ọmọ wa fi sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná. "Màámi, ẹ dákun, ẹ má torí mi ra àga mọ́."

"Mọ́" tó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gún mi lọ́kàn. Ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá, kò gbàgbé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a fi ohùn ṣọ̀kan. ₦40,000 ni a ó ná, èyí tí mo ti fi pamọ́ lọ́dọ̀ alájọ. A kò ní ra ohunkóhun ní àwìn. Yàtọ̀ sí ọ̀dà tí a ó fi kun ògiri, gbogbo ohun tí a bá rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ́jọ́ tí onílé bá ní kí a máa lọ.

ÀWỌN TÓ TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Kí n tó sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kí a máa wá bí ilé rẹ́ǹtì yóò ṣe dùn gbé kì í ṣe tuntun ní Sùúrùlérè. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1924, tó sì ń pa èèyàn fún ọdún mélòó kan, ìjọba amúnisìn dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1928, orúkọ rẹ̀ ni Lagos Executive Development Board, láti máa tún ìlú ṣe. Àwọn ni wọ́n pín ilẹ̀ Yaba sí òpópónà gbọọrọ. Lọ́dún 1955, wọ́n gbé ètò kalẹ̀ láti wó àwọn ilé tó há mọ́ ara wọn ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 70. Ilé tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣí nídìí lọ, ilé kéékèèké tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n sì ń san rẹ́ǹtì.

Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, ará Ìlú Ọba, lọ bá àwọn èèyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé nípa wọn tó jáde lọ́dún 1961. Ohun tó rí ni pé ilé tuntun mọ́, àyè sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́jà pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ lọ sí Èkó ń jẹ èrè wọn, àwọn ẹbí tó ti máa ń yà wò wọ́n ní gbogbo ìgbà kò sì lè máa wá mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ilé iṣẹ́ tó kó wọn lọ síbẹ̀ wọnú àjọ LSDPC lọ́dún 1972, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì lọ. Ògiri tuntun nìkan kì í mú ilé dùn. Bí èèyàn kò bá lè yà wọlé kí ó jókòó kí ara rẹ̀ sì balẹ̀, pálọ̀ kò tíì di pálọ̀. Èyí ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

A KỌ́KỌ́ KÓ ẸRÙ JÁDE

Ní Sátidé kan, a kó gbogbo ohun tó wà nínú pálọ̀ síta. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dán an wò, ẹ ó rí i pé ìdajì ohun tó ń há wa mọ́lẹ̀ kò wúlò fún wa. A rí páálí tẹlifíṣọ̀n tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ti bàjẹ́, a rí tẹlifíṣọ̀n náà pẹ̀lú, a rí fáànù tí kò lẹ́sẹ̀, a rí bàtà ọmọ tó ti di géńdé. A ta irin àti ike fún àwọn tó ń ra àlòkù kiri àdúgbò, a fi ìyókù ta ọrẹ. Iṣẹ́ yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, òun ló sì fẹ pálọ̀ náà jù lọ. Kàlẹ́ńdà méje ni mo yọ, ọ̀kan ṣoṣo, ti ọdún náà, ni mo dá padà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ ń kó ọjà sílé, mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Níbo ni kí n kó ẹrù ọjà mi sí?" Ẹ kó o sí igun kan ṣoṣo, kí ẹ tò ó sókè, kí ẹ sì ta kọ́tìnì bò ó. Igun kan tó kún sàn ju igun mẹ́rin tí a já ẹrù sí lọ.

ÒGIRI

Ògiri wa ní ibi tí omi ń fà wá láti ilẹ̀, ọ̀dà sì ń ṣí níbẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kun ọ̀dà lé e, lẹ́yìn oṣù méjì yóò tún ṣí. A họ ọ́ dànù, a fọ ibi tó hu èébú pẹ̀lú omi tí a bu jíìkì díẹ̀ sí, fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ẹ má ṣe pò jíìkì mọ́ oògùn ìfọ̀lé mìíràn o, èéfín rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lẹ́yìn náà a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó gbẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún irú iṣẹ́ yìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a sì kó àga padà, a fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín àga àti ògiri kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá.

Iye ọ̀dà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí akunlé nìkan ṣírò rẹ̀. Pálọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní ìbú, ògiri sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Bí a bá sọ ọ́ di mítà, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ̀ tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 40. Lítà ọ̀dà kan máa ń kun nǹkan bíi 10 nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lítà mẹ́rin, tí àwọn oníṣòwò ọ̀dà ń pè ní gálọ́ọ̀nù kan, yóò kun ún lẹ́ẹ̀kan. Gálọ́ọ̀nù méjì yóò kun ún lẹ́ẹ̀mejì. Gálọ́ọ̀nù méjì ni a rà, èmi, baálé mi àti àwọn ọmọ ni a sì fi ọwọ́ ara wa kun ún.

Àwọ̀ tó jọ wàrà ni a yàn. Fèrèsé kan ṣoṣo ni pálọ̀ wa ní, ó sì kọjú sí ògiri ilé kejì. Àwọ̀ dúdú tàbí pupa máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, èyí tó bá funfun díẹ̀ ni yóò dá a padà sí wa lójú.

KỌ́TÌNÌ ÀTI ÀGA

Ọjà Téjúoṣó ní Yaba ni mo ti lọ ra aṣọ, ọjà tó jóná ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, tí wọ́n tún kọ́, tí wọ́n sì ṣí padà lọ́dún 2014. Mo ti na ọwọ́ sí aṣọ kan tó ń dán nígbà tí ìyá aláṣọ dá mi dúró.

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má ra ìyẹn fún fèrèsé. Oòrùn yóò fà á gbó kí ọdún tó yí. Ẹ mú èyí tó nípọn."

"Ẹ ṣé, ìyá. Ẹ bá mi dín owó rẹ̀ díẹ̀."

Ó dín in. Ọ̀pá 12 ni mo rà. Ohun tí aránṣọ kọ́ mi nìyí: kí a má ṣe kan igi kọ́tìnì mọ́ orí fèrèsé gan-an. Kí a kàn án sókè, nítòsí àjà, kí ó sì fẹ̀ kọjá fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí aṣọ sì balẹ̀ dé ilẹ̀. Fèrèsé kékeré yóò dà bíi ńlá, pálọ̀ yóò sì ga lójú. Ìyókù aṣọ náà ni a fi ta ẹnu ọ̀nà yàrá, kí àlejò má bàa máa wo orí bẹ́ẹ̀dì wa.

Ní ti àga, a kò ra tuntun. Àga onígi wa, tí ojú rẹ̀ ń tì mí ní Muṣin, ṣì wà. Káfíńtà kan mì í, ó kan ìdí rẹ̀, ó ní, "Igi gidi ni, màmá. Wọn kì í fi irú èyí ṣe àga olówó pọ́ọ́kú mọ́." Ó tún ẹsẹ̀ méjì kàn, ó fi gúlúù sí orígun rẹ̀. A ra tìmùtìmù tuntun, aránṣọ sì rán ẹ̀wù fún un, ẹ̀wù tí a lè bọ́ kí a fọ̀. Èyí ṣe pàtàkì níbi tí ọmọdé bá wà.

Bí ẹ kò bá ní àga, tí ẹ fẹ́ ra àlòkù, ẹ mì í, ẹ jókòó lé e, kí ẹ sì yẹ ojú rírán rẹ̀ wò fínnífínní. Bí ẹ bá rí ààmì dúdú tóótòòtó, ìdun wà níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Bí ìdun bá ti wọlé ná, ẹ fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ tó ṣeé fọ̀, ẹ sá a sínú oòrùn líle, ẹ sì da omi híhó sí ojú ihò igi. Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò Sniper sórí àga tí ọmọ yóò sùn lé. Oògùn oko ni oògùn yẹn, májèlé sì ni. Ìdí nìyí tí àjọ NAFDAC fi ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ lójú ọjà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019.

INÁ, ẸNÍ ÀTI EWÉ

Gílóòbù funfun kan ṣoṣo tó ń ràn láàárín àjà máa ń sọ pálọ̀ di ilé ìwòsàn. A pààrọ̀ rẹ̀ sí oníná pípọ́n, èyí tí wọ́n kọ warm white sára páálí rẹ̀, a sì gbé àtùpà kékeré tó ń gba iná pamọ́ sí igun kan. Gílóòbù LED tó jẹ́ wáàtì 9 máa ń tàn tó gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, nítorí náà owó iná kò lé.

Ìkìlọ̀ wà níbí. Kí kọ́tìnì má ṣe sún mọ́ àbẹ́là tàbí oògùn ẹ̀fọn tó ń jó. Kí a má so fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ orí wáyà kan ṣoṣo. Jẹnẹrétọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ wọ pálọ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí olè tilẹ̀ pọ̀ ládùúgbò. Èéfín rẹ̀ tó ń pani kò ní òórùn. Ẹni tó sùn kì í mọ̀ pé òun ń kú lọ.

Ẹní ńlá kan ni a tẹ́ sí àárín, kì í ṣe rọ́ọ̀gì. Rọ́ọ̀gì dára, ṣùgbọ́n eruku Èkó pọ̀, ọmọ wa àbíkẹ́yìn sì máa ń wúkọ́. Ẹní ṣeé gbọ̀n, ó ṣeé nù, ó sì ṣeé ká lọ́jọ́ tí a bá ń kó lọ. Inú ike ọ̀dà tó ṣófo ni mo gbin ewé sí, ewé tí àwọn àgbà ń pè ní ọjà ìkookò, tó gùn bí idà. Aládùúgbò kan ló já a fún mi. Kò fẹ́ omi púpọ̀, ó sì lè fara da òkùnkùn díẹ̀. Ní ara ògiri, fọ́tò kan ṣoṣo ni mo gbé kọ́, fọ́tò ìyá tó bí mi.

ÌṢÍRÒ OWÓ

Àwa tíṣà fẹ́ràn ìṣírò, nítorí náà ẹ gbà á bó ṣe rí lọ́dún 2019:

Ọ̀dà gálọ́ọ̀nù méjì: ₦5,000
Búrọ́ọ̀ṣì àti pépà ìhagi: ₦1,200
Aṣọ kọ́tìnì, ọ̀pá 12: ₦7,200
Owó aránṣọ: ₦1,500
Igi kọ́tìnì: ₦1,800
Tìmùtìmù àga: ₦12,000
Aṣọ àga, ọ̀pá 10: ₦5,000
Owó káfíńtà: ₦3,500
Ẹní: ₦2,000
Gílóòbù àti àtùpà: ₦1,800

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦41,000. ₦1,000 ni a fi lé àdéhùn wa, baálé mi kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí kọjá sísọ. Nítorí náà, ẹ má fi iye tèmi bá ọlọ́jà jà. Ètò rẹ̀ ni kí ẹ mú lò.

ỌJỌ́ TÍ ÀWỌN ÀNA DÉ

Èèyàn mẹ́wàá ni a ń retí; mẹ́rìndínlógún ló dé. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Àga kún, a yá bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ aládùúgbò, àwọn ọ̀dọ́ sì jókòó sórí ẹní. Bí ètò ti ń lọ lọ́wọ́ ni iná lọ. Àtùpà kékeré ni a tàn, a sì ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ, ìyá àgbàlagbà kan, ń wo fọ́tò ara ògiri.

"Ta nìyẹn, ìyá ìyàwó?"

"Ìyá mi ni, mà. Ọjà Òyìngbò ni wọ́n ti ta ẹja títí wọ́n fi rẹ̀wẹ̀sì."

"Háà! Ọmọ ọlọ́jà bíi tèmi ni ọ́."

Láti ibẹ̀ ni ara ti tù wá. Kò sẹ́ni tó bèèrè àga aláwọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyá náà ní, "Ilé yín tura." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni a ṣe ìyàwó. Rẹ́ǹtì oṣù Kẹsàn-án tó ṣáájú rẹ̀ sì pé lọ́wọ́ wa, a kò jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní kọ́bọ̀.

NÍGBÀ TÍ ONÍLÉ YỌJÚ

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn oṣù kan, baba onílé wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yanu.

"Tíṣà! Ẹ ti sọ ilé mi di ilé òyìnbó. Ó yẹ kí a tún owó ilé yẹ̀ wò."

Àyà mi já. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ayálégbé: wọn yóò fi owó ara wọn tún ilé ṣe, onílé yóò sì fi ẹwà rẹ̀ fi owó lé e. Ṣùgbọ́n baálé mi ti kọ́gbọ́n ní Muṣin. Kí a tó kan búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ògiri, ó ti kọ ìwé sí baba náà láti tọrọ àyè, baba sì ti buwọ́ lù ú.

"Bàbá, ẹ jókòó ná," ni ó wí. "Ìwé tí ẹ buwọ́ lù nìyí. Rìsíìtì ọ̀dà náà nìyí."

Baba gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tíṣà àti ìwé!"

Rẹ́ǹtì ọdún yẹn kò lé. Ti ọdún kejì lé, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó yọ owó ọ̀dà kúrò nínú rẹ̀ kí a tó san.

Ẹ jẹ́ kí ẹni gbogbo mọ èyí. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé bí ayálégbé bá gba àyè lọ́dọ̀ onílé nínú ìwé, tó sì tún ilé ṣe, tí onílé bá wá ní kí ó máa lọ, ó lè bèèrè owó àtúnṣe náà padà. Òfin yẹn kan náà ní kí onílé máa fún ayálégbé ní rìsíìtì owó ilé, ó sì fún ayálégbé láyè láti lọ sílé ẹjọ́ bí owó tí wọ́n fi lé e bá pọ̀ jù. Ó yọ Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ Muṣin, Yaba tàbí Sùúrùlérè sílẹ̀. Bí aáwọ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, ìjọba Èkó dá Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ lọ́dún 1999 láti máa parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìgba owó. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà á sínú ìwé, ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, a kì í torí pé ilé kì í ṣe tiwa kí a máa gbé inú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé. Ọjọ́ tí a ń lò nínú ilé rẹ́ǹtì, ara ọjọ́ ayé wa ni. Kò sí ẹni tí yóò dá a padà fún wa nígbà tí a bá kọ́lé tiwa. Ṣùgbọ́n kí a má sì torí ojú aládùúgbò ta ọ̀la àwọn ọmọ wa. Bí ẹ kò bá ní ₦1 lọ́wọ́ lónìí, ẹ kó ẹrù jáde ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ gbá ilẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ kàlẹ́ńdà àtijọ́ kúrò. Ìyókù yóò máa tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó sọ àdúgbò wa ní Sùúrùlérè kò ṣì í sọ.